Ohun Tí Alágàdágodo Bá Nínú Dúrọ́ọ̀ Akọ̀wé

Alágàdágodo kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ó sì ti rí i pé nínú ẹni mẹ́wàá tó bá sáré wá pé ilẹ̀kùn òun há, a máa ń rí ẹnì kan tí ilé náà kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, kó tó mú irinṣẹ́ jáde, á kọ́kọ́ ní kí wọ́n sọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún òun: àwọ̀ kọ́tìnnì, ibi tí àga kọjú sí, ohun tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Ẹni tí kò bá rí i sọ dáadáa, á ní kó lọ mú aládùúgbò wá. Obìnrin ni, ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló sì ti gba iṣẹ́ náà. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá fi lé e lọ́wọ́: ohun tí olóhun ò bá ní kó ṣí, kò gbọdọ̀ ṣí i, ì báà jẹ́ ìyá tó bí i ló bẹ̀ ẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni dókítà tó ni ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, dókítà pè é lórí fóònù pé kó wá pààrọ̀ gbogbo àgàdágodo ibẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀? Ṣé olè wọlé ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, olè tó wọlé wa yìí, kò gbé nǹkan kan lọ tí ojú lè rí. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ilẹ̀kùn méje ló wà nílé ìwòsàn náà, yàtọ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù oògùn. Kí alágàdágodo tó gbé àpò kalẹ̀, àbúrò rẹ̀ ti fà á wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ògiri ń gbọ́.

"Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn mi ti ń jáde sígboro," ó ní. "Awakọ̀ kan wá, mo rí i pé ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣú. Mo ní kó má bẹ̀rù, iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Ọ̀sẹ̀ ò yí po tí ọ̀gá rẹ̀ fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ta ló sọ fún wọn? Olùkọ́ kan tún wá, etí ló ń dùn ún. Lónìí, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pariwo sí i létí bí ẹni ń pe ará òkè odò."

"Níbo lò ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sí?"

"Inú kọ̀ǹpútà. Ó sì ní ohun tó ń tì í pa. Ẹ̀rọ náà á yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà di játijàti, àfi tí èmi bá tẹ ọ̀rọ̀ ìṣíde mi. Ẹfọkànbalẹ̀ ló ṣe é fún wa."

Ẹfọkànbalẹ̀ ni ìnagijẹ ọkùnrin tó ta ẹ̀rọ náà fún un. Ohun tó máa ń sọ kó tó dáhùn ìbéèrè, tó sì tún máa ń sọ dípò kó dáhùn, ni "ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ta wá lò ń fura sí?"

Dókítà fi àgbọ̀n júwe ìta, níbi tí akọ̀wé rẹ̀ jókòó sí lẹ́yìn káńtà. "Òun ló ń kọ orúkọ wọn sínú ẹ̀rọ. Òun ló ń ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì lọ́jọ́ Ẹtì, tí Ẹfọkànbalẹ̀ ń wá gbà pa mọ́, kí nǹkan má baà sọnù bí ẹ̀rọ bá kú. Ẹ sì wá wo ìwé tó ń kà. Ó tóbi bí búlọ́ọ̀kù. Ìwé bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀rọ̀ pa ni, àti bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ẹni tí ò ní í jalè, kí ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jálẹ̀kùn sí?"

"Èmi náà kọ́ ọ."

"Tiyín yàtọ̀," ni dókítà wí, ó sì yára wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Alágàdágodo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ara ilẹ̀kùn tó sún mọ́ káńtà jù lọ, kó lè máa ṣọ́ akọ̀wé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ fún. Ó wọ awò ojú. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, ó fi bébà kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó lẹ́yìn. Bí aláìsàn bá dé, á dáhùn. Bí wọ́n bá lọ, á padà sídìí ìwé, á máa fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sórí bébà. Nígbà tí alágàdágodo sún mọ́ káńtà láti mú sukurú tó jábọ́, akọ̀wé dojú bébà náà délẹ̀ kíákíá.

Alágàdágodo rí i. Ó mú sukurú rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó lọ fara ti káńtà. "Ọmọ mi, ìwé wo lò ń kà tó gba gbogbo ojú rẹ báyìí?"

Akọ̀wé gbé ojú sókè. "Ìwé àgàdágodo ni, mà."

"Àgàdágodo kẹ̀? Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ti ọ̀rọ̀ ni, mà, kì í ṣe ti ilẹ̀kùn." Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mo rò pé ó máa yé yín jù mí lọ."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sán, tí dókítà bá lọ sinmi, akọ̀wé á ṣí ìwé náà, alágàdágodo á sì fa àga. Ẹgbẹ̀rin ojú ewé ló ní. Kì í ṣe ìwé tí ènìyàn ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé tí ènìyàn ń tọ̀ lọ bí ìgbà tó ń tọ àgbàlagbà lọ ni: wàá béèrè ọ̀kan, á fi mẹ́ta dá ọ lóhùn, á tún ní kó o lọ wo ojú ewé irínwó. Ibi tí ìṣirò bá ti tò bí èèrùn lójú ewé, alágàdágodo á fò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ yé e. Ó yé e pé ọ̀nà tó rọrùn jù láti ti ọ̀rọ̀ pa ni kí ènìyàn fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn, kó sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó yé e pé irú rẹ̀ ò lágbára, nítorí pé lẹ́tà tí a máa ń lò jù nínú èdè, tó bá pààrọ̀ aṣọ pàápàá, á ṣì máa wá sílé lójoojúmọ́. Ẹni tó bá jókòó kà wọ́n á dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n dé ibi kan tó mú kí alágàdágodo gbé awò ojú rẹ̀ sókè. Ìwé náà ní àgàdágodo tó dáa ni èyí tí gbogbo ayé lè mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, tí kò sì ní ṣí síbẹ̀, àfi fún ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá mi máa ń tú àgàdágodo palẹ̀ lójú oníbàárà ni," ó ní. "Á ní, wo inú rẹ̀, wo gbogbo eyín rẹ̀, ó yá, ṣí i fún mi láìsí kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń ta èyí tí ò dáa ni wọ́n máa ń ní àṣírí ni."

Akọ̀wé fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn náà. Ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀yin náà rí i," ó ní, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin náà wu alágàdágodo. Ìyẹn gan-an ló sì tún ń dà á láàmú. Ìfura loògùn àgbà, àwọn tó sì ti jí nǹkan ẹni lójú ayé, ọ̀pọ̀ wọn ló dùn ún bá jókòó. Kí ló dé tí akọ̀wé ń dojú bébà délẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ pé tó bá ń lọ sílé, á ti àwọn bébà yẹn mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, á fà á wò lẹ́ẹ̀kan, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà wá fà á wò?

Dókítà náà ti rí i. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí akọ̀wé jáde lọ sí ilé ìfowópamọ́, ó wá dúró sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ bá mi ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn."

"Kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tìrẹ."

"Èmi ni mo ra tábìlì náà. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ènìyàn fi ayé wọn lé mi lọ́wọ́. Ẹ fẹ́ kí n máa wò ó?"

Alágàdágodo mọ̀ pé olówó tábìlì kọ́ ló ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọjọ́ Ajé ń sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ jàre, ó sì fẹ́ mọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn: ó fẹ́ mọ̀. Ó fi irin tín-ín-rín kan bọ inú ihò, dúrọ́ọ̀ sì ṣí kí ènìyàn tó sín tán.

Ìyarun wà níbẹ̀, àti ìgò oògùn kékeré kan, àti ìdì bébà. Ó mú èyí tó wà lókè. Játijàti lẹ́tà ló kún inú rẹ̀, láti òkè délẹ̀, bí ìgbà tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ tó kan tàdáwà rìn.

"Ẹ ò rí i?" Dókítà fi ìka tọ́ka sí bébà náà. "Ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn mi ni. Ó ti ń kó wọn. Tó bá dé báyìí, mo máa ní kó máa lọ."

"Ní sùúrù. O mọ̀ pé ó kó nǹkan, o ò mọ ohun tó kó. Jẹ́ kí n kà á ná."

"Ẹ̀yin? Báwo?"

"Òun ló kọ́ mi," ni alágàdágodo dáhùn. Gbólóhùn náà ò dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó da ojú ewé àkọ́kọ́ kọ sẹ́yìn páálí àgàdágodo kan, ó dá bébà padà bó ṣe wà, ó sì ti dúrọ́ọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ tó so rọ̀, ó sì gbé páálí náà lé orí itan. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè pátápátá ni TMDBT. Ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TWT, TMF sì tẹ̀ lé e. Ó ka àwọn lẹ́tà bí ìwé náà ṣe ní kí wọ́n máa kà wọ́n, ó ń fi pẹ́ńsùlù ṣàmì. Y àti T ló pọ̀ jù. Ó kọ́kọ́ fi T ṣe A, kò bá ibì kankan mu. Ó pa á rẹ́. Oníbàárà kan wá gé kọ́kọ́rọ́, ó gé e fún un láìsọ̀rọ̀, ó padà jókòó.

Lẹ́yìn náà ló rántí fọ́ọ̀mù. Òun náà ti gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ rí, ó sì ti kọ ọ́: kí ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè? Orúkọ. Lẹ́tà márùn-ún, èyí tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló parí rẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ àmì orí ọ̀rọ̀. T ni O, M ni R, D ni U, B ni K. Ó wo ìlà kejì. TWT TMF. Ọjọ́ orí. Gbogbo rẹ̀ bá ara wọn mu bí eyín kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá ihò rẹ̀ mu. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn gan-an ni, ó tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ lóun nìkan.

Ìlà kẹta ni iṣẹ́. FLA, iṣẹ́ náà nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni YBTHA. Èyí tó ti mọ̀ nínú wọn ni K, O àti E. Lẹ́tà kan, K, O, lẹ́tà kan, E.

Akọ̀wé.

Ó yẹ kó dúró níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ, Y ti di A, H ti di W, ojú rẹ̀ sì ti bọ́ sórí ìlà àìsàn: HYMYSY. W, A, R, A. Kò nílò àwọn tó kù. Wárápá. Lábẹ́ rẹ̀, ó ka déètì ìgbà tó ṣubú kẹ́yìn, ó ti lé lọ́dún kan dáadáa, àti orúkọ oògùn tó ń lò.

Alágàdágodo dojú páálí náà délẹ̀ lórí itan. Ojú tì í bí ẹni tó yọjú wo balùwẹ̀ tí ó sì bá ọmọ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn aláìsàn tó dé, ó bá akọ̀wé lórí bẹ́ǹṣì ibi ìdúró. Kò jókòó. Ó na páálí náà sí i.

"Mo ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ. Mo da èyí kọ, mo sì kà á."

Akọ̀wé wo páálí náà, ó wo àmì pẹ́ńsùlù rẹ̀, àwọn lẹ́tà tó pa rẹ́. "Ẹ kà á tán?"

"Mo kà á tán."

"Ẹ ti di ẹnì karùn-ún," ni akọ̀wé wí. "Èmi, dókítà, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi, ìyá rẹ̀, àti ẹ̀yin. Ọkùnrin náà ò wá mọ́ láti oṣù kẹrin. Ìyá rẹ̀ ní àwọn ò lè gbé aláìsàn wọlé." Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. "Ta ló rán yín?"

"Dókítà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ṣí i."

"Ó ń fura sí mi?" Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú. "Èmi ń fura sí òun. Òun nìkan ni mo sọ fún láyé yìí, mà. Nígbà tó jáde sígboro, ta lẹ fẹ́ kí n rò? Mo wá ní kí n tó pè é ní ọ̀dàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ẹlòmíràn lè ṣí ohun tó tì pa. Ìdí ìwé yẹn nìyẹn. Mo ti ṣí i láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ọjọ́ méjì ló gbà mí."

"Kí ló dé tó o ò sọ?"

"Tí mo bá ní mo lè ṣí i, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú?" Ó ká páálí náà sí méjì. "Fáìlì tèmi nìkan ni mo fi dánwò, mà. Ti ẹlòmíràn ò kàn mí."

Alágàdágodo tẹrí ba. Ó ní, "Má bínú," ọ̀rọ̀ náà sì kéré lójú òun tìkára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọjọ́ Ẹtì lòní. Ọkùnrin ẹ̀rọ yẹn ń bọ̀ wá gba ẹ̀dà. Bó o bá fẹ́, jẹ́ ká jọ bi í léèrè."

Akọ̀wé ronú títí aláìsàn àkọ́kọ́ fi wọlé. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹfọkànbalẹ̀ dé ní ọ̀sán, ó ń rùn fún lọ́fíńdà, ó ń kí gbogbo ènìyàn. Alágàdágodo ti sọ ìwọ̀nba tó yẹ kí àbúrò rẹ̀ gbọ́ fún un: pé fáìlì akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló wà nínú dúrọ́ọ̀. Dókítà jókòó, kò lè wojú ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀gá," ni alágàdágodo wí, "alágàdágodo ni mí. Mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ṣe tiyín."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Àṣírí iléeṣẹ́ wa ni. Ènìyàn lásán ò lè ṣí i láé."

"Ó yá, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ tí a ò ní í rí. Ẹ tẹ játijàti rẹ̀ jáde fún wa."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣe é. Akọ̀wé tẹ́ bébà náà sórí káńtà. Alágàdágodo ń pe lẹ́tà, akọ̀wé ń kọ èyí tó rọ́pò. Omi tí dókítà bù sínú ife ò tíì tán tí akọ̀wé fi gbé bébà sókè, ó sì kà á síta: "Ẹ̀gbọ́n mi kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́."

Dókítà dìde dúró.

"Èmi ni ènìyàn lásán yẹn," ni alágàdágodo sọ fún Ẹfọkànbalẹ̀. "Níbo ni ẹ ń kó àwọn ẹ̀dà ọjọ́ Ẹtì sí?"

"Ẹ fọkàn..."

"Ó ti balẹ̀. Níbo?"

Inú kọ̀ǹpútà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Ta ló ń lò ó? Gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹni mélòó? Ó ní wọ́n máa ń wá, wọ́n máa ń lọ. Ṣé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yí lẹ́tà padà? Ó ní ẹni tó bá ń tún ẹ̀rọ ṣe ò lè ṣàì mọ̀ ọ́n. Àwọn wo ni oníbàárà wọn? Ó dárúkọ méjì, mẹ́ta, kó tó mọ ohun tó ń sọ. Iléeṣẹ́ tí awakọ̀ ń bá ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ akọ̀wé náà sì wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tún fóònù rẹ̀ ṣe. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ni o, bóyá ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá tó ń lọ ni, wọn ò mọ̀ títí dòní. Ó lọ láìgba ẹ̀dà, lọ́fíńdà rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Lọ́sàn-án yẹn kan náà, dókítà tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró tì í títí ó fi pa gbogbo ẹ̀dà rẹ́ lójú rẹ̀. Bí òmíràn bá wà níbòmíràn, kò sẹ́ni tó lè búra.

Dókítà bẹ akọ̀wé. Ó kúnlẹ̀ pàápàá, akọ̀wé sì ní kó dìde, aláìsàn ń wò. Dókítà lọ bá awakọ̀ àti olùkọ́ nílé wọn, ó jẹ́wọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú awakọ̀, ó ríran. Iṣẹ́ rẹ̀ ò padà. Akọ̀wé fi oṣù méjì fi àgàdágodo gidi sí ẹ̀rọ náà, irú èyí tí ìwé ńlá yẹn júwe, tí ìṣe rẹ̀ wà níta fún gbogbo ayé. Ó kọ́ dókítà bó ṣe máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní òun ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Dókítà bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Kò dúró.

Láàárín oṣù méjì yẹn, alágàdágodo máa ń yà síbẹ̀ lọ́sàn-án. Akọ̀wé máa ń kí i dáadáa. Àmọ́ kò fa àga fún un mọ́, ìwé náà kò sì sí lórí káńtà.

Nígbà tó di oṣù kan lẹ́yìn tó kúrò, akọ̀wé yọ sí ṣọ́ọ̀bù alágàdágodo láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ó ti kó lọ sí yàrá tuntun, ó fẹ́ kó bá òun fi kọ́kọ́rọ́ tuntun sẹ́nu ọ̀nà.

"Alágàdágodo pọ̀ nígboro," ni àgbà obìnrin náà wí. "Kí ló dé tó o wá sọ́dọ̀ mi?"

"Nítorí pé ẹ̀yin ni mo mọ ohun tí ẹ lè ṣe, mà."

Wọ́n jọ rìn lọ. Ní gbogbo ìgbà tí alágàdágodo ń lu ihò, tó ń de sukurú, akọ̀wé dúró lórí rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò sì ṣe bí ẹni tí kò wò. Nígbà tó parí, akọ̀wé gba kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tó bá a wá. Ó kà wọ́n.

"Ẹ ò ní ẹ̀dà kankan lọ́wọ́?"

Alágàdágodo ò bínú. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà, ó sì da gbogbo ohun tó wà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ síta: irin, fáìlì, sukurú, òróró, àti gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó kó wá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ó fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wé wọn, eyín sí eyín, kò kánjú. Lẹ́yìn tó wò wọ́n tán, ó bá a kó wọn padà sínú àpò, ó sì ní kó jókòó kí òun bu omi fún un.